Ibo ló yẹ kí ọmọ ọdẹ tó ń gbé ní Houston ti lọ dọdẹ àgbọ̀nrín elétí ìbaaka?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ó ti di ọdún 12 tí mo ti ń gbé ní Houston. Ọdẹ ni bàbá mi, mo sì máa ń tẹ̀lé wọn wọ igbó lóru nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ dọdẹ àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní mule deer. Ẹnì kan ní kí a kó póìntì tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ ọdẹ jọ fún ọdún 10 kí a tó lọ sí Colorado. Ẹlòmíràn ní Kaibab ní Arizona ni akọ ńláńlá wà. Ẹnì kẹta ní kí la ń wá lọ sọ́nà jíjìn, ṣebí ó wà ní Texas níbí. Ọjọ́ 7 la ní, owó wa kò sì ju $3,000 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibo ni kí a lọ?”

Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 20 sẹ́yìn, èmi náà tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun mi ní Aurora, ní Colorado, mo ń fi ìka tọ ojú ọ̀nà kiri, mo sì ń bi ara mi pé ibo gan-an ni. Ohun tó wá yé mi lẹ́yìn náà ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan yìí. Ibo ni akọ ńlá wà? Ibo ni mo ti lè rí ìwé àṣẹ gbà? Ibo sì ni àlejò méjì tí kò dé ibẹ̀ rí, tí ọjọ́ 7 péré wà lọ́wọ́ wọn, ti lè fojú kan ẹran kí wọ́n sì yìnbọn sí i bó ṣe yẹ? Kò sí èyí tó parọ́ fún yín nínú àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ Kaibab dáhùn ìkíní, ẹni tó sọ̀rọ̀ póìntì dáhùn apá kan ìkejì, ẹni tó sọ̀rọ̀ Texas sì ń ro ti ọ̀nà àti epo ọkọ̀. Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún yín, òun ni ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran náà, torí ẹni tí kò mọ ìwà ẹran kò lè yan igbó. Àgbọ̀nrín tí bàbá yín ń pa nílé, ẹran inú ìgbòrò ni. Ìwo rẹ̀ kì í pẹ̀ka, orí rẹ̀ ló sì máa wà títí ẹran náà á fi kú. Ti ibí yìí yàtọ̀. Etí rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: ó gùn, ó sì fẹ̀ bí etí ìbaaka, kì í sì í dúró sójú kan. Ọ̀kan lè kọjú sí yín kí èkejì máa gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ sì funfun. Ìwo akọ rẹ̀ máa ń pẹ̀ka, ẹ̀ka náà á tún pẹ̀ka bí igi, gbogbo rẹ̀ á já bọ́ lọ́dọọdún nígbà òtútù, òmíràn á sì hù nígbà tí koríko bá ń rú. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kìtì, kìtì, kìtì, títí á fi gun òkè, ó sì lè dúró níbẹ̀ láti bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ni ó fẹ́, ojú, etí àti imú rẹ̀ ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, ojú ni a fi ń dọdẹ rẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó dára fún alákọ̀ọ́kọ́ ni ibi tí ẹ lè jókòó sí lórí òkè kékeré kan, kí ẹ fi bínókúlà wo àfonífojì méjì tàbí mẹ́ta láìdìde. Òun ni òṣùwọ̀n tí mo máa fi wọn gbogbo ibi tí a bá dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ òru tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Mo mọ adùn rẹ̀: iná kábáàdì níwájú orí, ojú ẹran tó ń tàn bí ẹyín iná, oko tó pa lọ́lọ́. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn tanná sójú àgbọ̀nrín kó sì yìnbọn sí i. Ní Colorado, ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ ni àsìkò ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ló sì parí. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè pàdánù ìbọn rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dọdẹ, kì í sì í ṣe ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, torí àwọn ìpínlẹ̀ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ ta ẹran náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi èyí tó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó. Aṣọ ọdẹ tó dúdú bí ilẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹni tó bá gbé ràífù ní Colorado gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yòò, tó fẹ̀ tó 500 íǹṣì níbùú lóòró, kó sì dé fìlà àwọ̀ náà. Àwa ọmọ ọdẹ gan-an ni mo máa ń bẹ̀rù fún lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tó jẹ́ ọgbọ́n nílé lè sọ wá di arúfin níbí.

Ó wá kan póìntì. Nílé, bí baálẹ̀ bá ti gbà tí àwọn àgbà ọdẹ sì gbà, igbó yá. Níbí, ìpínlẹ̀ ló ni ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín ilẹ̀ rẹ̀ sí yúnìtì, ó sì ń dá iye ẹran tí a lè pa ní yúnìtì kọ̀ọ̀kan, ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan fún ẹran kan, òun là ń pè ní táàgì. Bí àwọn tó ń bèèrè bá pọ̀ ju táàgì lọ, wọ́n á ṣẹ́ gègé. Àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà, ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, àwa àlejò á pín ìyókù, gbogbo ibi ni ẹ sì ti jẹ́ àlejò àyàfi Texas. Láti ọdún 1999 ni Colorado ti fi gègé sí gbogbo ọdẹ ìbọn fún àgbọ̀nrín yìí. Ẹni tí kò bá rí ibi tó kọ sípò kìíní á gba póìntì kan, ẹni tí póìntì rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ibi tí àṣìṣe wà nínú ìmọ̀ràn “ẹ dúró fún ọdún 10” rèé: Colorado kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo. Yúnìtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, àsìkò kọ̀ọ̀kan nínú yúnìtì náà tún ní ìlà tirẹ̀. Àsìkò ìgbẹ̀yìn nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí akọ ń lé abo kiri tí kò rántí ẹ̀rù mọ́, ní ibi olókìkí bíi Gunnison tàbí Eagle, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àsìkò ìbọn kejì (second rifle season), ní ìparí oṣù kẹwàá, ní yúnìtì tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo orúkọ rẹ̀, ẹni tí kò ní póìntì rárá tàbí tó ní ẹyọ kan sí méjì lè rí i gbà. Ohun mìíràn tún wà tí wọn kò sọ fún yín. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gígùn náà ló ń fi póìntì kan kún tiwọn lọ́dọọdún, nítorí náà iye tó ń mú ènìyàn dé iwájú ń sún síwájú bí òjìji. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí láti kó 10 lè dé 10 kó rí i pé 15 ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó kó póìntì 14 jọ fún ibì kan ṣoṣo. Orúnkún rẹ̀ kò dúró dè é. Ọdún tó yẹ kó lọ, ọ̀pá ló fi ń rìn nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún 14 náà kò wọ igbó kankan. Ó dùn mí títí dòní pé mi ò tètè sọ̀rọ̀.

Kaibab dára lóòótọ́. Òkè títẹ́jú ni, ní àríwá kòtò ńlá Grand Canyon, ó sì ní ìtàn. Ní ọdún 1906 ni Ààrẹ Theodore Roosevelt sọ ibẹ̀ di ibi ààbò fún ẹran. Wọ́n lé àwọn ọdẹ jáde, wọ́n sì ń pa àwọn ẹranko tó ń pa àgbọ̀nrín jẹ. Àgbọ̀nrín bí, wọ́n rẹ̀, títí wọ́n fi jẹ gbogbo ewé tí ẹnu wọn tó. Nígbà tó di àárín ọdún 1920 sí 1930, ebi pa wọ́n kú lọ rẹpẹtẹ nígbà òtútù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye wọn àti ohun tó fà á gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ibẹ̀ lójú méjèèjì. Ìyẹn ló fà á tí akọ ibẹ̀ fi tóbi, òun náà ló fà á tí táàgì fi ṣọ̀wọ́n. Arizona kì í fún àlejò ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ìwé àṣẹ $160 kí ẹ tó lè fi orúkọ sílẹ̀. Bí gègé kò bá mú yín, owó náà ti lọ. Ẹni tó bá ní owó tó lè máa ná bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kó máa ná an. Kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbọ́kàn lé fún ọdún tó ń bọ̀. Arizona tún ní táàgì ọfà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì fi ìbọn pa ẹran yìí rí, kí ló fẹ́ fi ọfà wá lọ́dọ̀ etí yẹn ní 40 yáàdì?

Texas ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ onílé níbẹ̀, èmi kò ní. Àgbọ̀nrín elétí ìbaaka wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Pecos, ní agbègbè Marfa àti Alpine, ó sì tún wà ní Panhandle, ní apá àríwá Texas lókè lọ́hùn-ún. Táàgì rẹ̀ ti wà lára ìwé àṣẹ ọdẹ tí ẹ ń rà, kò sí póìntì, kò sí gègé. Ilẹ̀ ni ìṣòro. Ó ju 95 lọ nínú 100 ilẹ̀ Texas tó jẹ́ ti aládàáni, ìyẹn ni pé ẹ ní àṣẹ láti pa ẹran náà ṣùgbọ́n ẹ kò ní ibi tí ẹ máa dúró sí. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ lè bèèrè ju $5,000 lọ lọ́wọ́ ẹni kan fún akọ kan. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Èkíní, Texas Parks and Wildlife, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran igbó, máa ń ṣẹ́ gègé lọ́dọọdún fún ọdẹ lórí ilẹ̀ ìjọba. Owó rẹ̀ kéré, àǹfààní rẹ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀ lọ́dọọdún, kò ní kó yín sí gbèsè. Èkejì, bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tí ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ yọ̀ǹda ara yín láti bá wọn tún ọgbà ṣe nígbà ẹ̀rùn. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí. Ẹ kàn wo òfin agbègbè náà dáadáa, torí ní àwọn káúńtì kan, akọ tí ìwo rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó 20 íǹṣì, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, màá yára kọjá lórí wọn. New Mexico kò ní póìntì: ẹni tó ti ń kọ orúkọ fún ọdún 20 àti ẹni tó kọ ọ́ lánàá, ọgbọọgba ni wọ́n. Òfin wọn fún onílé ní 84 nínú 100, ó fún àwọn tó gba afinimọ̀nà ní 10, ó sì fi 6 sílẹ̀ fún àlejò tó dá wá. Gègé náà le, àmọ́ kò gba ọdún yín, mo sì máa ń kọ orúkọ mi síbẹ̀. Wyoming lẹ́wà, ẹran rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n àlejò kò gbọdọ̀ lépa ẹran ńlá nínú igbó àìro ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wilderness, níbẹ̀ láìní afinimọ̀nà tàbí onílé tó gba ìwé láti mú un lọ. Montana fún ọdẹ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, títí dé òpin ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, ẹ̀bùn ńlá ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Houston débi pé ọjọ́ mẹ́ta nínú 7 yín máa parí sójú ọ̀nà. Utah àti Nevada, èmi fúnra mi kò dọdẹ níbẹ̀. Póìntì ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, ìlà àlejò sì gùn.

Kí ló dé tí ibi tó dára ní ọdún 2010 fi lè má dára mọ́? Òtútù ni èsì àkọ́kọ́. Àgbọ̀nrín yìí máa ń gun òkè nígbà ooru, á sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà yìnyín, níbi tí igi kúkúrú tí wọ́n ń pè ní sagebrush ti yọ orí jáde. Ní Wyoming, agbo kan wà tó ń rin nǹkan bí 150 máìlì láti aṣálẹ̀ Red Desert dé Hoback, tí yóò tún rìn ín padà. Bí yìnyín bá jìn jù tó sì le lókè, wọn kò lè wa oúnjẹ wọn jáde, àwọn ọmọ ló sì ń kọ́kọ́ kú. Òtútù ọdún 2022 wọ 2023 pa wọ́n rẹpẹtẹ ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming àti ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Colorado, ìjọba sì gé táàgì kù. Ọmọ tí kò sí lọ́dún náà ni akọ ọlọ́dún mẹ́rin tí kò sí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọ̀dá náà ń ṣe tirẹ̀: ọdún tí òjò kò bá rọ̀, ìwo kì í hù dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tuntun àti ọ̀nà mọ́tò ń gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń sá wá sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ ìtàn ibi tó ti pa akọ ńlá ní ọdún 15 sẹ́yìn fún yín, ìtàn rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ kó má wúlò.

Kí n tó dárúkọ ibi tí mo yàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: kí ni jẹ́nótáìpù yín? Mo ń bèèrè tọkàntọkàn. Ní ọdún kan, a pàgọ́ sí ibi tó ga ní 10,400 ẹsẹ̀ bàtà. Ní òru kejì, ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó lágbára bí akọ màlúù, bẹ̀rẹ̀ sí í di ìhà òsì rẹ̀ mú, ó ń làágùn nínú òtútù. A rò pé oúnjẹ ni. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo ń wakọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. AS ni. Ó mọ̀ láti ìgbà tó fẹ́ gbéyàwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ní ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè dì nínú ẹ̀yà ara kékeré abẹ́ ìhà òsì tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Kì í ṣe gbogbo AS ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ ń gun òkè wọ́n sì ń bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, AS kò ṣọ̀wọ́n, àwọn ìwé ọdẹ ibí kì í sì í mẹ́nu bà á. Bí ọ̀kan nínú yín bá jẹ́ AS, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sùn sí ìsàlẹ̀ 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìjẹ̀bú wa yẹn ṣì ń dọdẹ, ní 6,500 ni ó ń pàgọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AA náà, Houston kò jìnnà sí òkun, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ga. Ẹ sùn ní òru kan ní ibi tí kò ga púpọ̀ kí ẹ tó gòkè, kí ẹ sì máa mu omi.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà tún wà. Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ ní Texas. Colorado gbà á, ó sì jẹ́ dandan fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ ìlú àti ẹni tó ní káàdì àwọ̀ ewé lè ní ìbọn. Bí físà lásán ni ọ̀kan nínú yín ní, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti di ìbọn mú àyàfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀, ìwé àṣẹ ọdẹ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tí mo sọ ṣe ẹ̀rí: ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó gbé ràífù sọ́kọ̀.

Ibi tí mo máa lọ bí mo bá jẹ́ yín ni ìwọ̀-oòrùn Colorado, àsìkò ìbọn kejì, lórí ilẹ̀ ìjọba tó ga láti 6,500 dé 8,500 ẹsẹ̀ bàtà, ibi tí igi juniper àti sagebrush ti pàdé. Agbègbè Meeker, Craig, Montrose àti Durango ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ yúnìtì kan fún yín, torí iye póìntì ń yí lọ́dọọdún, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi kọ orúkọ láìwo ìwé. Colorado Parks and Wildlife máa ń gbé àbọ̀ gègé ọdún tó kọjá jáde, ẹ máa rí iye àlejò tó bèèrè àti póìntì tí wọ́n fi rí i. Wọ́n tún ń gbé iye akọ tó wà fún 100 abo nínú agbo kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ wá yúnìtì tí ilẹ̀ ìjọba ti pọ̀, tó sì ní òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ pọ̀. Ìdí ni pé ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá yìnyín á ti bọ́. Bí kò bá tíì bọ́, ẹran ṣì wà lókè. Bí ó bá bọ́ ní òru ọjọ́ tí ẹ dé, wọ́n á ti wà ní ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó yan yúnìtì tó ní ibì kan ṣoṣo ti fi gbogbo ọjọ́ 7 rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni wọ́n ń ti ìwé, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Nínú oṣù kẹjọ, ẹ pe ọ́fíìsì agbègbè náà. Ẹ má bèèrè ibi tí akọ ńlá wà. Ẹ bèèrè ọ̀nà tí yìnyín máa ń dí, ibi tí àwọn ọdẹ máa ń kún sí, àti bí òtútù tó kọjá ṣe rí. Mo ti pè wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń dáhùn pẹ̀lú sùúrù.

Owó yín tó. Táàgì àlejò súnmọ́ $500, ìwé àṣẹ mìíràn sì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rà kí wọ́n tó gba orúkọ yín wọlé. Ó lé ní 1,000 máìlì ní àlọ nìkan, bí wákàtí 18 nínú ọkọ̀, epo náà ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pín in. Ẹ sùn nínú àgọ́ tàbí ní mótẹ́ẹ̀lì kékeré nínú ìlú, ẹ ra àpótí yìnyín fún ẹran, á ṣẹ́kù. Kò tó fún afinimọ̀nà, mi ò sì ní tàn yín jẹ pé kò sí ìyàtọ̀. Ẹni tó ní afinimọ̀nà lórí ilẹ̀ aládàáni máa rí akọ púpọ̀ sí i. Ẹ̀yin lè lo ọjọ́ 7 kí ẹ má yìnbọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yan ibi tí ẹ lè padà sí lọ́dún kejì àti lọ́dún kẹta, kí ẹ má máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá yín kò mọ igbó Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ 7. Ní ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń yí padà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní àfonífojì tí mo ń jókòó sí, pé òun ló ń gbé òórùn mi lọ bá ẹran, tó ń tú mi fó látọjọ́ yìí.

Bí Ọlọ́run bá fún yín ní ẹran, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Akọ tó dàgbà lè wọn 200 pọ́ùn láàyè. Bí ẹ bá yọ eegun rẹ̀, 50 sí 70 pọ́ùn ẹran lẹ máa rù lẹ́yìn, ó sì lè gba ìrìn méjì. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Lẹ́yìn ìrìn kejì, ọ̀rọ̀ náà á yé yín. Ẹ yọ eegun náà síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwúwo nìkan. Àrùn kan wà tó ń mú kí àgbọ̀nrín rù kan eegun títí á fi kú, CWD ni wọ́n ń pè é. Fort Collins ní Colorado níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní ọdún 1967, nínú ẹran tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí. Wọn kò tíì rí ènìyàn tó kó o, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí a má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ní in. Nítorí náà, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà kí a gbé ọpọlọ tàbí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ẹran tútù tí a ti yọ eegun rẹ̀, àti ìwo tí a ti fọ egungun orí rẹ̀ mọ́, ni kí ẹ gbé kọjá ààlà. Kí ẹ tó rẹ ọ̀kankan sínú ata, ẹ dúró de èsì.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti jókòó kí ìmọ́lẹ̀ tó dé, kí oòrùn máa yọ lẹ́yìn yín. Ẹ má wá odindi ẹran, torí ẹ kò ní rí i. Ara rẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ jọra wọn ní oṣù kẹwàá. Ẹ fi bínókúlà wo ibi kan ṣoṣo, igi kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Akọ àkọ́kọ́ tí mo pa, mo ti wo ibi tó dùbúlẹ̀ sí fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo rò pé ẹ̀ka igi gbígbẹ méjì ni. Yìnyín tín-ín-rín wà lórí ewé sagebrush, òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti fọwọ́ rá a, bí àgbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tí oòrùn kan ibẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjèèjì yí padà, ó gbọn eṣinṣin dànù.